Ẹ Má Kí Ẹnikẹ́ni ní Dúnkírégì

Bí ó bá wù yín láti lọ sí Dúnkírégì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ máa bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kí ẹ bèèrè ilé Alhaji Jíbrílù. Jíbrílù pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló ti dé Dúnkírégì, tó sì fojú àánú wo àwa tó kù, tó padà wálé láti wá là wá lọ́yẹ̀.

Dúnkírégì jẹ́ ìlú kékeré kan létí òkun ní ilẹ̀ Sikọ́tílándì, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí kò tóbi ju ẹyin ẹyẹlé lọ, tí wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn lọ wá a níbi tó bá bọ́ sí, kí wọ́n lè tún un gbá. Gọ́ọ̀fù ni wọ́n ń pe eré náà. Èmi ò dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè júwe ìlú náà fún yín láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin títí dé etí òkun, nítorí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí àgbàlá Alhaji, Ọlọ́run ò sì fi ilẹ̀kùn sí etí.

Títílayọ̀ ni orúkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, aṣọ ni mo ń rán. Mo ti pẹ́ nínú agboolé yìí débi pé wọ́n ti gbàgbé pé ayálégbé ni mí. Ìgbà tí òrùlé bá ń jò nìkan ni wọ́n máa ń rántí.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Alhaji lò ní Dúnkírégì lọ́dún tó kọjá. Ó lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wá ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo Khairiyyah, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé níbẹ̀. Kí ó tó lọ, Alhaji Ọlọ́dà la ń pè é, nítorí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé ló ń tà. Nígbà tó dé, ó di Alhaji Dúnkírégì. Bí ẹ bá pè é ní Alhaji Ọlọ́dà báyìí, kò ní gbọ́, bí ẹ tilẹ̀ pariwo sí i létí.

Ohun tó mú bọ̀ látibẹ̀ ni ìwé pélébé kan, aláwòrán mèremère, tí wọ́n máa ń fún gbogbo àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó fi ike bo ìwé náà kí omi má baà kàn án. Lójoojúmọ́, tó bá ti kírun Àlàásárì tán, á gbé àga rẹ̀ síta, á ṣí ìwé yìí lé itan, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wáàsí á sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin agboolé á jókòó yí i ká, wọ́n á máa já ewé, wọ́n á máa gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni ti koríko. Alhaji ní koríko Dúnkírégì rọ̀ ju kápẹ́ẹ̀tì mọ́sáláásí lọ. Ó ní oríṣi méjì ni, èyí tí èèyàn lè tẹ̀ àti èyí tí èèyàn ò gbọdọ̀ tẹ̀, ojú lásán ò sì lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ rẹrẹ létí òkun, kò ní ògiri, kò sí ilé kan lórí rẹ̀, kò sì sí ibi tí ẹnìkan kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà.

Ìyá àgbà kan bèèrè pé, “Ìdílé wo ló ni ilẹ̀ ọ̀hún?”

Alhaji ní, “Gbogbo ìlú ló ni ín.”

Ńṣe ni gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, ilẹ̀ tí kò gbà ju ẹní méjì lọ, ìdílé mẹ́ta á máa bá ara wọn ṣẹjọ́ lé e lórí títí àwọn agbẹjọ́rò tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà á fi kú, tí ọmọ wọn á bá a lọ. Ilẹ̀ etí òkun wá wà, gbalasa bẹ́ẹ̀, kí ọmọ onílẹ̀ kan má jókòó tì í? Gbogbo wa gbà pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ náà dùn gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti kòtò. Ó ní àwọn òyìnbó náà gbẹ́ kòtò káàkiri orí pápá wọn, wọ́n da iyanrìn tó mọ́ tónítóní sínú rẹ̀, nígbà tí bọ́ọ̀lù wọn bá wá kó síbẹ̀, inú á bí wọn gidigidi. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo ní, “Alhaji, ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ?” Ó ní àwọn fúnra wọn ni. Mo ronú nípa gbogbo kòtò tó wà lójú títì wa láti ibí dé Lafiaji, mo wá rí i pé ohun tí a fi jìyà láti ọjọ́ yìí ni pé a ò mọ̀ pé eré ni.

Ó tún kọ́ wa nípa ẹyẹ òkun tó máa ń já ẹja gbà lọ́wọ́ èèyàn, kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń já fóònù gbà níbí, àfi pé ti ibẹ̀ ní ìyẹ́. Ó kọ́ wa nípa oòrùn wọn lásìkò ooru, tí kì í mọ ilé lọ, tí ẹni tó fẹ́ kírun Ìṣáì á fi máa retí òkùnkùn bí ẹni ń retí iná mànàmáná. Ó kọ́ wa nípa atẹ́gùn. Atẹ́gùn nìkan gba ọjọ́ mẹ́ta.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán, bí kì í bá ṣe ti Alhaja Hàwáwù.

Alhaja Hàwáwù ni àbúrò Alhaji, òun ló bí Khairiyyah. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní Jankara, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ń bọ̀ láti ọjà, ìkíni rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ dé ilé. Khairiyyah lóyún, lẹ́yìn tí òun àti Zayd ọkọ rẹ̀ ti ń retí fún ìgbà pípẹ́. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ. Fíísà ti jáde, Zayd ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó kù kí Alhaja gbéra lọ wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo ti ń rán aṣọ òtútù fún un. Alhaji ló pàṣẹ bí mo ṣe máa rán an, ó ní kí n ki fóòmù sáàárín ìtẹ́lẹ̀ aṣọ méjì. Nígbà tí mo rán búbà àkọ́kọ́ tán, ó dá dúró fúnra rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ bá mi ṣọ̀rọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí Alhaji ṣe ń kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń ba Alhaja. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ koríko, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. “Títí, tí mo bá ṣèèṣì tẹ koríko tí wọn kì í tẹ̀ ńkọ́?” Lẹ́yìn ti ẹyẹ, ó ní òun ò ní jẹ ẹja níta. Lẹ́yìn ti atẹ́gùn, ó bèèrè bóyá fóòmù náà lè tún nípọn sí i. Mo máa ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rù ìrìnàjò ni, tó bá dé ibẹ̀ á tán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Alhaji pa ìwé rẹ̀ dé. Ìyẹn nìkan ti tó kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀.

Ó ní, “Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí nínú ìwé. Ẹ tẹ́tí yín sílẹ̀ dáadáa. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni ní Dúnkírégì.”

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ọ̀kan ní, “Láàárọ̀ ńkọ́?”

“Ẹ má kí i.”

“Tó bá jẹ́ àgbàlagbà?”

“Ẹ kọjá lọ.”

“Tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?”

“Ìyẹn gan-an lẹ ò gbọdọ̀ kí rárá. Wallahi, mo bẹ̀ yín. Ẹ panu mọ́, ẹ wolẹ̀, ẹ máa lọ.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Níbi tí a wà yìí, ẹni tó jókòó, a ó kí i kú ìjókòó, ẹni tó dúró, a ó kí i kú ìdúró. Ẹni tí kò ṣe nǹkankan rárá, a ó wá nǹkan kí i fún. Bí ìyàwó ilé méjì bá fẹ́ jà, wọ́n á kọ́kọ́ kí ara wọn ẹ káàárọ̀ kí èébú tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú wo lèèyàn á wá lọ tí yóò fi ẹnu rẹ̀ sílé?

Nígbà tí Alhaji dìde lọ ṣe àlùwàlá, mo sá jáde, mo ṣí ìwé rẹ̀ wò. Ó wà níbẹ̀ gàdàgbà, lábẹ́ àwòrán obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín, pé àwọn ará Dúnkírégì lọ́yàyà sí àlejò. Mo dá ìwé náà padà sórí àga. Àlejò lójú, kò fi ríran, àmọ́ mi ò tíì rí àlejò tó lọ ìlú kan fún ọ̀sẹ̀ kan tó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó tẹ ìwé wọn lọ.

Ṣùgbọ́n Alhaja gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló wọlé wá bá mi. Kò tilẹ̀ kí mi, mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

“Títí, dá aṣọ yẹn dúró. Mi ò lọ mọ́.”

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo ní, “Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ríran ki òwú bọ abẹ́rẹ́.”

“Mo ní mi ò lọ mọ́. Ṣé ìwọ mọ̀ mí? Ṣé mo lè rìn kọjá lára èèyàn kí n má kí i? Ẹnu mi á já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n á wá máa sọ pé ẹ wo ìyá Khairiyyah tí ń pariwo kiri títì. Àárín wọn lọkọ ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, àárín wọn lòun náà ń gbé. Mi ò lè lọ ba ọmọ mi jẹ́ lójú àwọn tó gbà á sílé.” Ó fi etí ìborùn nu ojú. “Màá di ọṣẹ àti àdí àgbọn ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ibẹ̀ náà mọ ọmọ wẹ̀. Lọ́la ni màá pè é, kí n sọ fún un.”

Ó jáde lọ. Inú bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí, inú bí mi débi pé mo fi àlùmọ́gàjí gé òwú tí kò yẹ kí n gé. Oyún àkọ́kọ́ Khairiyyah, tí wọ́n ti ń fi omijé retí, ìyá rẹ̀ ò ní sí níbẹ̀, nítorí pé bàbá kan fẹ́ kí àgbàlá máa pe òun ní Alhaji Dúnkírégì. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Bí Alhaja náà bá lọ, tí ẹni méjì wá mọ ọ̀nà, ta ni yóò tún máa bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnìkan? Ohun tí mo rò nìyẹn, mo sì rò ó pẹ̀lú ìdánilójú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá ti pẹ́ ní Èkó á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìkúnlẹ̀ jà. Lọ́jọ́ kejì, mi ò jẹ́ kí àwọn èèyàn tó pé. Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga síta ni, Alhaja sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń to abọ́ rẹ̀ sínú àpò. Fóònù rẹ̀ wà lórí ìdérí ìkòkò nítòsí rẹ̀, kò tíì pe ọmọ. Mo lọ kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níwájú Alhaji, okùn ìwọnṣọ lọ́rùn mi.

“Ẹ kú ìjókòó sà. Ẹ kú làálàá ẹ̀kọ́ tí ẹ ń kọ́ wa. Ọlọ́run á túbọ̀ máa jẹ́ kí ọgbọ́n yín pọ̀ sí i.”

“Àmín, àmín,” Alhaji ní, ó ń na ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oyè.

“Ìbéèrè kékeré kan ló wà lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ yín sà. Ti pé ká má kí wọn yìí, ta ló sọ ọ́ fún yín?”

“Ìrírí ni.”

“Ìrírí wo sà?”

“Títílayọ̀, lọ ránṣọ.”

“Kò sí aṣọ tí màá rán mọ́ sà. Alhaja ò lọ mọ́. Ẹ̀kọ́ yín ti gbà wọ́n là.”

Alhaji jókòó tọ́. Ó wo àbúrò rẹ̀. “Hàwáwù, kí ló ń sọ? O ò lọ mọ́ báwo?”

Alhaja ò gbójú sókè nínú abọ́ tó ń tò. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ sọ bí ibẹ̀ ṣe rí.”

“Mo ní kó o má kí èèyàn ni! Ṣé mo ní kó o má lọ?”

“Ṣé ẹ rò pé ọ̀tọ̀ làwọn méjèèjì lọ́dọ̀ mi?” Ó wá gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá kí wọn? Ṣé wọ́n ń lù ú ni? Ṣé ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀.”

Alhaji ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. Ó fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀ mi, mi ò mira, nítorí mo ti rí i pé ẹja ti gbé ìwọ̀ mì.

Ó ní, “Láàárọ̀ tí mo débẹ̀, mo wọ agbádá, mo dé fìlà, mo ní kí n jáde lọ wo òkun. Mo wá rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin lórí koríko. Àwọn mẹ́ta pa ọwọ́ pọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin tẹ̀ ba, ó mú igi dání, ó ń mi ìdí díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ lọ lọ lọ. Wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé yìí. Ṣé mo lè rìn kọjá lára àwọn tó wà lẹ́nu nǹkan kí n má kí wọn?”

Alhaja ní, “Rárá o.”

“Bó ṣe gbé igi sókè báyìí, mo la ẹnu, mo ní, ‘Ẹ kú eré o! Well done, sir!’”

Ohùn Alhaji kì í ṣe kékeré. Ó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pe oníbàárà lójú títì.

“Ọkùnrin yẹn fi igi gbá ilẹ̀. Erùpẹ̀ fò, bọ́ọ̀lù yí gbiri gbiri, ó kó sínú kòtò. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá yíjú sí mi. Wọn ò bú mi o. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi, ǹ bá mọ èsì tí màá fọ̀. Wọ́n kàn ń wò mí ni. Ọ̀kan wá fi ìka lé ètè, báyìí, bí ẹni ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́. Èmi Jíbrílù.”

Mo ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wá. Mo ṣubú láti orí ìkúnlẹ̀ sórí ìdí. Alhaja fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n ń fi koríko àti ẹyẹ bò mọ́lẹ̀ láti ọdún tó kọjá nìyí! Mo ní, “Alhaji, kí lẹ wá ṣe?”

“Mo kúrò lórí pápá, mo ní ó dáa, eré ni wọ́n ń ṣe, kí n lọ kí àwọn tí kì í ṣeré. Àwọn yẹn ń dáhùn, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Á ní ‘mọ́nìn’, á ti kọjá. Kí n tó bèèrè ilé, ó ti dé ìkòríta. Mo tiẹ̀ rí ọ̀kan dá dúró pẹ̀lú ajá rẹ̀, mo ní ìyàwó ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ gbé ìyàwó ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójoojúmọ́. Nígbà tó wá ku ọ̀la kí n padà, mo tún ń rìn létí òkun, mo wá gbọ́ tí ẹnìkan pariwo láti ọ̀nà jíjìn. Mo wò ó, èmi ló kọjú sí. Ó ń ju ọwọ́ sí mi, ó ń ké, ‘Fóò! Fóò!’ Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi na ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Mo ní, ‘Ẹ kú eré o! Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?’ Ibi tí mo ti ń bèèrè àwọn ọmọ ni bọ́ọ̀lù ti gbá fìlà kúrò lórí mi. Bọ́ọ̀lù ló ń bọ̀. Ó ń kìlọ̀ fún mi ni.”

Mo ti la ẹnu láti tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Alhaji ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, “Hàwáwù, inú mi ti dùn kí bọ́ọ̀lù yẹn tó dé.”

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Bí Alhaji bá yọjú sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kí ó tó dé òpin àdúgbò, ìkíni á ti mú un dúró nígbà mẹ́wàá. Ó máa ń ṣàròyé lé e lórí pé àwọn èèyàn ò jẹ́ kí òun rìn. Ojú tì mí díẹ̀ fún un, mo sì káàánú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì dárí ẹ̀kọ́ tó fi dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọ jì í.

Alhaja ò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Ó ní, “Khairiyyah ńkọ́?”

“Ó wà dáadáa.”

“Bọ̀ọ̀dá mi, mo ní Khairiyyah ńkọ́? Ẹ̀yin lo ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ dé, ẹ ò lè sọ ọ́ títí di òní. Òun ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin níbẹ̀.”

Alhaji wo ìta, bí ẹni pé ẹnìkan lè wọlé kó wá gbà á sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọlé.

“Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn,” ó ní, “á jáde nínú yàrá láàárọ̀, á bu omi mu, á kọjá lára mi lórí àga. Kò sọ nǹkankan. Ọmọ tó jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ kòtò síwájú ilé yìí! Mo bínú. Mo ní ó ti di òyìnbó. Mo tilẹ̀ ti gbé fóònù kí n fẹjọ́ ẹ̀ sùn ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ara mi ò gbà á mọ́, èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ kí i. Mo ní, ‘Khairiyyah, ṣé o jí ire?’ Ó dúró. Ó ń wò mí. Kọ́ọ̀bù omi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wá bú sẹ́kún. Ó ní, ‘Bàbá, ẹ má bínú, mo ti gbàgbé ni.’ Ó ní Zayd á ti lọ síbi iṣẹ́ kí òun tó jí. Ó ní òun ò rántí ọjọ́ tí ẹnìkan ti bèèrè bí òun ṣe sùn gbẹ̀yìn.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Ó ní kí n má sọ. Ó ní ẹ̀rù á bà ọ́. Èmi náà, ojú ń tì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n ní mo lọ wo ọmọ, mo bá a tó ń sunkún, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀, mo wá sílé?”

Nítorí náà ló ṣe kó koríko, kòtò, ẹyẹ àti atẹ́gùn wálé fún wa, tó fi èyí tó yẹ kó kó wá sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní i lẹ́nu láti sọ ọ́ fún un, mo sì ti ṣe tán láti sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Alhaja ló ṣáájú mi. Ó ti dìde, àwọn abọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì dàrú.

“Ẹ̀yin ní mi ò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀?”

“Hàwáwù, mo kàn…”

“Kò burú. Mo gbọ́. Mi ò ní kí wọn. Ẹnìkan péré ni mo fẹ́ lọ kí.”

Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e síwájú ẹnu, kò sún mọ́ etí, bó ṣe máa ń ṣe, débi pé gbogbo wa là ń gbọ́. Fóònù náà dún títí. Nígbà tí wọ́n gbé e, Alhaja ò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

“Khairiyyah mi! Ṣé o jí ire? Báwo lo ṣe sùn? Oyún ńkọ́, ṣé ó ń ta? Ẹsẹ̀ tó ń wú ńkọ́, ṣé ó ti fà? Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Kí lo jẹ? Ṣé omi tó o fi wẹ̀ gbóná dáadáa? Àná ńkọ́, báwo lo ṣe lò ó? Ìjẹta ńkọ́?”

Ọ̀sán ti ń lọ sópin, ṣùgbọ́n Alhaja ń kí i káàárọ̀, ó ń kí i kú alẹ́ àná, ó ń kí i kú gbogbo àárọ̀ tó ti kọjá lọ. Kò sí ìdáhùn. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ẹkún, kò ròkè, ó dà bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Ẹ káàsán mà, Màmi.”

“Kí ló ń ṣe ohùn rẹ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ báyìí?”

“Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ mà.”

“Pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ? Dìde! Dìde kíá, di nǹkan mú! Ta ló wà níbẹ̀ tí yóò gbé ọ dìde?”

“Kò sẹ́nìkan mà. Mo ti dìde.” Ó fa imú. “Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ń bọ̀ lóòótọ́?”

“Mò ń bọ̀,” Alhaja ní. “Mò ń bọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò ní wá?”

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Alhaji ti dìde lórí àga rẹ̀, ìwé rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi tí mi ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí mo ti wà nínú agboolé yìí.

Ó ní, “Hàwáwù, sọ fún un pé mo kí i.”

Alhaja nawọ́ fóònù náà sí i.

“Ẹ kí i fúnra yín.”